Ọwọ́ Òsì Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Nígbà tí Dúnní Láoyè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìfọṣọ ńlá kan ní Reinickendorf, àdúgbò kan ní Berlin, Bàbá Tóyìn ṣì wà láyé. Àlàájì Síkírù tó ń bá àwọn ọmọ Yorùbá Berlin fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ṣì wà láyé, òun ló máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹténà tò bíi tòun lábẹ́ ọ̀run. Ìyá ọkọ Dúnní wà láyé lọ́hùn-ún ní Ọ̀yọ́, ara rẹ̀ sì le koko, òun ló ń tọ́jú Déọlá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Dúnní bí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ti kú nínú gbogbo wọn ni bàbá Déọlá. Màmá Adéọpẹ́ Oyèbánjí, ìyàwó Bàbá Tóyìn, tí ìtàn yìí dá lé lórí, kì í ṣe pé ó wà láyé nìkan. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ti máa ń rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, yóò ti fi òrí pa ọwọ́, yóò máa dúró de àwọn tó kéré sí i.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni nígbà yẹn. Hamburg ló kọ́kọ́ dé láti ilé. Bàbá Tóyìn ń já ẹrù ní èbúté, Màmá ń la ẹja nílé iṣẹ́ ẹja. Ṣáwá ni wọ́n ń là, nínú omi tó tutù bíi yìnyín, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Pólándì àti Tọ́kì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ a máa fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lọ mu sìgá kí ọwọ́ wọn lè móoru díẹ̀. Màmá kì í mu sìgá, orin ìjọ ló fi ń mú ọwọ́ tirẹ̀ móoru. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹja pa ìlẹ̀kùn dé, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń di gílóòbù iná sínú páálí. Ìyẹn náà kógbá wọlé. Iṣẹ́ gbé Bàbá Tóyìn wá sí Berlin, wọ́n rí ilé ní Märkisches Viertel, àjà kọkànlá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń súfèé lójú fèrèsé bí ẹni ń pe ajá. Ilé ìfọṣọ ni Màmá wá wọ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti lò níbẹ̀ kí Dúnní tó dé.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fọ̀ jù. Ẹ ò rí nǹkan, àwọn tó ń bímọ, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àwọn tó ń kú lọ, aṣọ funfun tó wà lábẹ́ wọn ti gba ọwọ́ Màmá kọjá. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wọn. Òun náà a máa sọ ọ́, a ní, “Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo Berlin, wọn ò tíì kí mi kú iṣẹ́.” Yóò rẹ́rìn-ín, yóò mú aṣọ mìíràn.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń lọṣọ níbẹ̀ kì í ṣe áyọ́ọ̀nù tí a mọ̀ nílé. Ó gùn bíi bọ́ọ̀sì, irin rìbìtì gbígbóná ń yí nínú rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgàdà. Ẹni méjì ló ń dúró níwájú ẹnu náà. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ló wà nídìí kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù. Òun ni yóò fa aṣọ yọ, yóò wá etí rẹ̀ rí, yóò fi ọwọ́ òsì na etí kan sí ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò fà á kó tẹ́, wọn yóò sì fi í sí ẹ̀rọ lẹ́nu. Ẹ̀rọ a gbé e mì, yóò sì yọ lódìkejì ní gbígbẹ. Kí ẹ tó mí, òmíràn ti tó. Apá ọ̀tún ló le. Aṣọ tútù wúwo, kì í sì í fẹ́ yọ, ooru ẹ̀rọ a sì máa fẹ́ sí ènìyàn lójú. Ẹni tuntun ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Apá òsì ni ti àwọn tó ti pẹ́, Màmá sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Wọ́n fún Dúnní ní Probezeit oṣù mẹ́fà, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ bóyá yóò ṣe é mú. Bí ó bá yege, wọn yóò fún un ní Vertrag, ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí kò lọ́jọ́ òpin. Ìwé yẹn ni ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní kó mú wá kí Déọlá tó lè wá bá a. Yàrá méjì ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ti wà nínú ọ̀kan, Dúnní ti tẹ́ ẹ, ó ti gbé ìrọ̀rí sí i. Ìwé nìkan ló kù. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí kò ti fojú kan ọmọ náà, ọmọ sì ti pé ọdún méje. Lórí fóònù, Déọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá bàbá rẹ̀ ní “Mọ́mì”, ó wá ń pe Dúnní ní “Mọ́mì Jámánì.” Ọjọ́ tí Dúnní kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn oṣù àkọ́kọ́, wọ́n fi í sídìí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò sí wàhálà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù mẹ́fà pé ni wọ́n gbé e wá sí apá ọ̀tún ẹ̀rọ ìlọṣọ, ẹ̀gbẹ́ Màmá.

Ó fa aṣọ àkọ́kọ́ yọ. Ó rí etí rẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wo Màmá, ọwọ́ náà kò lọ. Ta ló bí i tí yóò fi òsì na nǹkan sí ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ? Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba iwájú àyà kọjá, ó fi na Màmá. Aṣọ lọ́ po bí okùn, ẹ̀rọ gbé e mì bẹ́ẹ̀, ó há. Iná pupa tàn, gbogbo iṣẹ́ dúró.

“Ọmọ mi,” Màmá ní, “òsì ni kí o fi fún mi.”

“Ẹ má bínú, mà. Kò ṣe é ṣe.”

“Kí ni kò ṣe é ṣe? Iṣẹ́ la wá ṣe níbí, a ò wá tọrọ ìyàwó.”

“Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi, mà. Bí mo bá fi òsì gba iyọ̀ lásán, ọmọrogùn ló máa dá mi lóhùn.”

“Ọmọrogùn yẹn kò ní físà. Kò lè dé ibí.”

Dúnní rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ òsì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ṣe lọ, orúnkún tẹ̀, ẹnu sì là: “Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o, mà.” Ó fa òmíràn, orúnkún tún tẹ̀: “Ẹ má bínú, mà.” Ẹgbẹ̀rin aṣọ ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé mì kí Schicht kan, ìyẹn wákàtí iṣẹ́ ọjọ́ kan, tó parí. Ẹ fojú inú wo ìkúnlẹ̀ ẹgbẹ̀rin, àti ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ̀rin. Bí orúnkún bá ti tẹ̀, aṣọ a wọ́lẹ̀, a wọlé ní wíwọ́, ẹ̀rọ a há. Phoebe, ará Gánà tó ń ká aṣọ lódìkejì, yọ orí wò, ó béèrè bóyá pẹpẹ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ láì sọ fún òun.

Wọ́n gbé Dúnní lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Tọ́kì kan lẹ́nu ẹ̀rọ kejì. Ó ń kúnlẹ̀ fún ìyẹn náà. Àgbà ni àgbà ń jẹ́, àwọn àgbà ló sì kún apá òsì gbogbo ẹ̀rọ. Wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ Màmá.

Ọ̀gá Schicht wọn ni Jasmin, ọmọ bíbí Berlin, ọmọbìnrin dáadáa ni, pákó ìkọ̀wé tó fi ń ka iye aṣọ ni kì í jẹ́ kó gbádùn. Ó pe Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Dúnní sì ń gbọ́.

“Frau Oyèbánjí, orúnkún ń dun Dúnní, àbí? Ó ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ṣáá. Ó yẹ kó lọ rí Betriebsarzt, dókítà ilé iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè dúró, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.”

Màmá ṣàlàyé, ó ní orúnkún kò ṣe ohunkóhun, ọ̀wọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pé nílé àwa, ènìyàn kì í fi òsì fún àgbà. Jasmin gbọ́ ọ dé òpin. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọ̀wọ̀ dára,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ há lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù nínú Probezeit rẹ̀. Bí ó bá ń lọ báyìí, mi ò ní lè fọwọ́ sí i.”

Lọ́jọ́ náà, nílé, Dúnní dúró síwájú dígí, ó ń na ọwọ́ òsì sí ara rẹ̀, ó ń gbìyànjú kí orúnkún má tẹ̀. Níwájú dígí, ó ṣe é ṣe. Ojú àgbà ni kò sí nínú dígí.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó bá Màmá lápá ọ̀tún, nídìí kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù, ó ti ká apá aṣọ sókè.

“Màmá, ẹ ṣi ibi dúró.”

“Mi ò ṣì í. Bọ́ sí òsì.”

“Kí ẹ máa fa aṣọ tútù, kí èmi máa dúró bí ìyàwó tuntun? Bí wọ́n bá gbọ́ nílé, wọ́n á ní ta ló bí mi.”

“Wò ó, Ìyá Déọlá. O ò lè fi òsì fún mi, o ò sì fẹ́ kí n gbẹ́rù. Ẹ̀kọ́ ilé méjì ló ń jà nínú rẹ, ẹ̀rọ ò sì ní bá wọn dá sí i. Èwo ni ká mú? Sọ ọ́ kí wọ́n tó tanná ẹ̀rọ.”

Dúnní wo kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀.

“Èmi lè fi òsì fún ẹ ní tèmi,” Màmá ní. “Ta ni yóò bá mi wí? Ìyá ìyá rẹ?”

“Èjìká yín ńkọ́, mà?”

“Èjìká mi la ẹja Hamburg já. Kò ní kú sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì.”

Bó ṣe di pé obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta padà sí iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tuntun nìyẹn, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jasmin rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Dúnní fi ọwọ́ ọ̀tún gba etí aṣọ, gbígba ẹlẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí orúnkún tó tẹ̀. Ẹ̀rọ kò há mọ́.

Ibẹ̀ ni Dúnní ti wá mọ iṣẹ́. Òun ti ń fi agbára fa aṣọ, Màmá kì í fi agbára fà á. Yóò kọ́kọ́ gbọn òkè òkìtì náà bí ẹni ń gbọn ọmọ jí, aṣọ tó bá mì ni yóò mú, àwọn tí kò mì ti so kọ́ra, yóò fi ìyẹn sílẹ̀. Kì í wojú aṣọ kó tó rí etí rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń mọ ibi tí wọ́n rán. Bí aṣọ bá ya níbì kan, kò ní í jẹ́ kó wọ ẹ̀rọ, yóò jù ú sẹ́yìn láì yíjú. Orin rẹ̀ ń lọ lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ orin kan fún aṣọ mẹ́rin. Àwọn ọmọdébìnrin tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kejì ò lè bá a dọ́gba, ọmọ ogún ọdún sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n èjìká ni èjìká. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Dúnní wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó bá Màmá tó dúró kọjú sí ògiri, apá kan nínú kóòtù, apá kejì lóde. Apá ọ̀tún kò gòkè.

“Bọ́tìnì ló ń dà mí láàmú,” Màmá ní.

Kò sí bọ́tìnì lára kóòtù náà. Dúnní gbé apá náà díẹ̀díẹ̀, ó tì í bọ inú kóòtù. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Märkisches Viertel ni omijé ti bọ́ lójú rẹ̀.

“Màmá, n óò lọ bá Jasmin lọ́la. N óò ní kó jẹ́ kí n lọ. N óò wá iṣẹ́ mìíràn.”

“O fẹ́ da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi nù?”

“Ẹ̀ ń pa ara yín nítorí mi, mà.”

“Ta ló sọ pé nítorí rẹ ni?” Màmá yíjú sí fèrèsé. “Nígbà tí a ń bọ̀, ìyá mi ni mo gbé Tóyìn sílẹ̀ fún. Ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ tó dé Hamburg, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, ‘Ẹ káàsán, Àǹtí.’ Odidi ọdún kan gbáko ló fi ń pè mí ní Àǹtí. Mo máa ń la ẹja, mo máa ń gbọ́ ọ létí mi. Ọmọ yẹn ń bọ̀, Dúnní. Kò ní í di ọdún mẹ́rin.”

Bàbá Tóyìn gbé omi kaná lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi aṣọ jó èjìká ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Adéọpẹ́, ọdún méjì péré ló kù kí o fẹ̀yìn tì. O ò lè rọra?” Màmá ní kó jó o sókè díẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ló ń dun òun. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Dúnní lẹ́yìn náà. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí pé bí obìnrin yìí bá ti gbé ẹsẹ̀ síbì kan, ènìyàn kan kì í bá a gbé e kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méje pé. Lọ́jọ́ Ẹtì, Jasmin mú ìwé wá. Dúnní fọwọ́ sí i lórí àpótí ọṣẹ. Ó yíjú, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Màmá lórí ilẹ̀ tútù, orúnkún méjèèjì, gbogbo ènìyàn ń wò.

“Orúnkún yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́,” Jasmin ní, ó sì lọ wá kọfí mu.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Dúnní dé kí Màmá tó dé. Ó dúró sápá ọ̀tún, nídìí kẹ̀kẹ́. Màmá wo ibẹ̀, ó dúró sí òsì. Dúnní gbọn òkìtì, ó mú èyí tó mì, àtàǹpàkò rẹ̀ wá ibi tí wọ́n rán. Ó na ọwọ́ òsì gbọnrangandan sí Màmá. Orúnkún kò tẹ̀, ẹnu kò là. Láti ìgbà tó ti gbé apá Màmá bọ inú kóòtù, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè kọ̀ mọ́.

“Ìgbà wo lo di aláìlẹ́kọ̀ọ́?” Màmá béèrè.

“Láti àárọ̀ yìí, mà.”

Màmá gba aṣọ.

Déọlá dé nígbà tí òtútù ń lọ. Gbogbo wọn ló lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Tegel. Nígbà tí ọmọ náà yọ pẹ̀lú obìnrin tó mú un wá, Màmá fa Bàbá Tóyìn lápá, àwọn méjèèjì lọ dúró sẹ́yìn òpó. Dúnní ń pè wọ́n, wọn ò yọjú. “Kí ojú ọmọ bọ́ sára ìyá rẹ̀ ná,” Màmá ní. “Bó bá rí arúgbó, ọ̀dọ̀ arúgbó ló máa gbà lọ, arúgbó ló mọ̀.” Wọ́n wà lẹ́yìn òpó náà títí ọmọ fi jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé òun. Oṣù méjì ni Déọlá fi ń wí “Mọ́mì Jámánì.” Lọ́jọ́ kan, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan, ó kígbe “Mọ́mì” láti inú yàrá, kò fi nǹkan kan sí i. Dúnní wá ìbọ̀sẹ̀ náà títí, kò tètè rí i, omi wà lójú rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Àlàájì Síkírù kú. Ìyá ọkọ Dúnní kú ní Ọ̀yọ́. Bàbá Tóyìn kú ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, ó ti wọ bàtà ìjọ sẹ́sẹ̀. Màmá ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, àjà kọkànlá wá fẹ̀ jù fún un, Tóyìn sì ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Lurup, ní Hamburg. Ó lọ. Ó ní ìlú náà ti gbàgbé òun, ṣùgbọ́n òun kò gbàgbé rẹ̀. A máa fi ìka han Déọlá bí wọ́n bá kọjá létí èbúté: ibí ni bàbá wa ti já ẹrù, ibí ni mo ti la ẹja. Ilé gogoro onídígí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìdí tí Déọlá fi wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní òun fẹ́ kọ́, Hamburg ni àyè ti yọ. Dúnní kò jiyàn. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ilé Tóyìn ló ń gbé, yàrá tó kọjú sí ti Màmá. Bí Màmá bá pè é, “Ja, Oma” ló máa ń fi dáhùn lédè Jámánì, Màmá a sì ní, “Èmi kọ́ ni Oma. Ìyá àgbà ni mí.” Àríyànjiyàn ojoojúmọ́ ni.

Nígbà tí àìsàn dé bá Màmá, Tóyìn ń lọ síbi iṣẹ́, Déọlá ń pín àkókò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bù ú lómi. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn ń rán wá wo ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kejì. Déọlá ti pe ìyá rẹ̀ ní Berlin láàárọ̀, ó ní kó máa bọ̀. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, Màmá la ojú, ó béèrè bóyá Dúnní ti gbéra.

“Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin, Ìyá àgbà.”

“Ó jẹun kó tó jáde?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Lọ gbé nǹkan kaná dè é.”

Déọlá gbé ìrẹsì kaná. Nígbà tó padà wọ yàrá, ó jókòó, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó ń kà á bí ó ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó kà á títí kò fi sí ohun tí yóò kà mọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ojú Màmá dé. Aago méjìlá kù díẹ̀ ni Dúnní sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Altona, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lurup. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni Màmá Adéọpẹ́ lọ́jọ́ náà.